Ọ̀ọ́dúnrún Ọmọ Inú Àwo

Kí oòrùn tó gbẹ ìrì kúrò lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ ní èbúté, ìròyìn ti gba gbogbo ibẹ̀ kan pé Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n, bí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ mọ́jú ní iléeṣẹ́ àyẹ̀wò omi. Wọ́n ní inú àwo pẹlẹbẹ kan ló bí wọn sí, kò sì sí èyí tó ké nínú wọn.

Ẹnu obìnrin tó ń ta yìnyín lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Alábẹ́rẹ́ tó ń tún àwọ̀n ṣe, àwọn ọmọ náà ti di ẹgbẹ̀ta, wọ́n sì ti hu eyín. Nígbà tó dé àárín adágún, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja gbé àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wo ojú òun o, inú ọkọ̀ lòun sùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló gbọ́ kẹ́yìn. Ó ń họ ìpẹ́ epìyà lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà kan kí i kú ewu ọmọ, tó tún bi í léèrè bóyá ọyàn ń tó wọn. Ó ní kí onítọ̀hún tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú garawa ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀, ó gbọn omi ọwọ́ náà sórí ẹja kí wọ́n lè máa dán dè é, ó tún gèlè wé, ó sì kọjú sí ilé àyẹ̀wò.

Ilé àyẹ̀wò náà ò ju yàrá kan lọ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta yìnyín: tábìlì kan, fíríìjì kan, àpótí onírin kan tó ń móoru tọ̀sán-tòru, àti fèrèsé kan tí kò ṣeé tì. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan tí gbogbo èbúté ń pè ní Ọ̀gá Ìgò, nítorí pé wọn ò rí i rí kí ìgò má wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Ọ̀gá Ìgò wí, ó sì dìde.

Ìyá Ẹlẹ́ja fa àga, ó jókòó, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

"Mo wá wo àwọn ọmọ mi."

"Ọmọ yín wo, mà?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ ni mo bí wọn sí. Mo ní kí n wá wò ó bóyá wọ́n ti jẹun."

Ojú Ọ̀gá Ìgò lọ sí fèrèsé. Lóde, ayùn tí obìnrin oníyìnyín fi ń rẹ́ yìnyín dákẹ́ lójijì. Ọ̀gá Ìgò lọ ti fèrèsé náà bó ṣe ń tì í láti ọdún méjì tó ti dé, fèrèsé náà ò sì mira, gẹ́gẹ́ bí kò ti mira rí láti ọdún méjì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà?"

"Ta ni kò sọ fún mi? Ọkọ mi wà láàárín omi, ó ń búra. Bàbá Alábẹ́rẹ́ ti ń hun àwọ̀n kékeré tí wọ́n á fi máa kó wọn rìn. Èmi tí mo ti kó gbogbo aṣọ ọmọ ọwọ́ ilé mi fún àwọn ọmọ-ọmọ."

Ọ̀gá Ìgò fi ọwọ́ nu iwájú orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní òfin iṣẹ́ àwọn ni pé orúkọ ẹni tí wọ́n bá gbé ìgò lé lọ́wọ́ ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tí òun wá gba omi adágún, òun gbé ìgò fún Ìyá Ẹlẹ́ja pé kó fún àkọ́bí rẹ̀ kó bù ú wá láàárín omi, òun sì kọ "Ìyá Ẹlẹ́ja" sára rẹ̀. Ní àná, òun da díẹ̀ nínú omi náà sínú àwo tí oúnjẹ wà, òun tì í mọ́nú àpótí tó ń móoru. Nígbà tó di àárọ̀ yìí, òun pe ọ̀gá òun lórí fóònù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn nìkan sì ni fóònù ti ń gbọ́ràn. Ohun tí òun sọ ò ju gbólóhùn kan lọ.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní, 'Sà, ti Ìyá Ẹlẹ́ja bí tó ọ̀ọ́dúnrún mọ́jú.'"

Ìyá Ẹlẹ́ja wò ó títí.

"O ò wá rí ọ̀rọ̀ mìíràn lò."

"Ẹ má bínú, mà."

"Kí ló tiẹ̀ dé tó ò wọ ọkọ̀ lọ bu omi rẹ fúnra rẹ?"

Ọ̀gá Ìgò wo bàtà rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ń mì.

"Ìwọ tó jẹ́ pé omi niṣẹ́ rẹ?"

"Mo kọ́ nípa omi, mà. Mi ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Èyí pa Ìyá Ẹlẹ́ja lẹ́rìn-ín débi pé ìbínú tó gbé wá láti èbúté fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ó dáa, kó kó wọn jáde, kí òun rí wọn.

Ọ̀gá Ìgò wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí àpótí onírin, ó gbé àwo kékeré kan tó ní ìdérí jáde. Ohun kan bí ọbẹ̀ tó dì wà nínú rẹ̀, àmì róbóróbó sì kún orí ohun náà, òmíràn funfun, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn ń kọ mànà bí omi imú. Ìyá Ẹlẹ́ja tẹ̀ síwájú, ó wò ó bó ṣe máa ń wo ojú ẹja lọ́wọ́ apẹja tí kò fọkàn tán.

"Àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn ni, mà."

"Kò sí èyí tó jọ mí."

"Kòkòrò ni wọ́n, mà, irú èyí tó ń fa àìsàn fún ẹja àti fún ẹni tó jẹ ẹ́. Wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ti rí oúnjẹ àti ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní tó wákàtí kan tó máa di méjì. Méjì á di mẹ́rin. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti di ìlú. Ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń wò yìí."

"Láìsí ọkọ?"

"Wọn kì í fẹ́ra wọn, mà. Wọ́n kàn ń pín sí méjì ni."

"Ayé yẹn dùn o. Kò sí àna, kò sí ìyàwó ọmọ tó ń ya ẹnu." Ó tún wo àwo náà. "Mélòó lo ní wọ́n jẹ́?"

"Bí ọ̀ọ́dúnrún."

"Bí báwo? O kà wọ́n, àbí o ò kà wọ́n?"

Ọ̀gá Ìgò jẹ́wọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwo náà ni òun kà, òun wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá Ẹlẹ́ja mi orí bí ẹni tó gbọ́ pé ẹnìkan ń ta ìdajì ẹja mọ́ odidi. Ó ní kó fún òun ní bíírò. Ó dojú àwo náà délẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sẹ́yìn rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún bí wọ́n ṣe ń ka ẹja ní èbúté, níbi tí márùn-ún ti ń jẹ́ ọwọ́ kan. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sì mú ojú kúrò. Kí Ọ̀gá Ìgò tó nu gíláàsì ojú rẹ̀ tán, ó ti parí.

"Ọwọ́ méjìlélọ́gọ́ta, ó lé méjì. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. O ti fi méjìlá rẹ́ mi jẹ."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí mo ti lò láyé, méjì jẹ́ ènì." Ó da bíírò padà fún un. Inú rẹ̀ ti ń dùn. "Ó dáa, mo ti rí wọn. Máa tọ́jú wọn, èmi ń lọ síbi ẹja mi."

Ọ̀gá Ìgò ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó mú ìwé pupa kan jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ọgọ́rùn-ún ni òpin ohun tí wọ́n fàyè gbà nínú àwo. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ara òpó èbúté ni ìwé pupa náà ń lọ: ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọ adágún fún oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ta ẹja ibẹ̀. Mọ́tò ọ̀gá òun ń bọ̀ wá gbé e ní ọ̀sán yìí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọkọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà ní èbúté. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì pé oṣù kan tó ti ń kan omi, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ti àkọ́bí rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà fi bá ẹlòmíràn tukọ̀ kó tó ní tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta lórí ilẹ̀ gbígbẹ, igi ọkọ̀ tuntun á sán.

Ó tún ìjókòó ṣe. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá apẹja ná ẹja ló mú jáde.

"Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́?"

"Kó má kọjá ọgọ́rùn-ún, mà."

"Kọ àádọ́rùn-ún."

"Mi ò lè kọ àádọ́rùn-ún."

"Kọ ọgọ́rùn-ún géérégé, kí n má bàa rẹ́ ọ jẹ."

"Ohun tó wà nínú àwo ni màá kọ, mà."

"Ó dáa, igba. Mi ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́."

"Igba gan-an ti kọjá ohun tí wọ́n fẹ́."

"Kí ló wá dé tó o jẹ́ kí n gùn débẹ̀?"

"Mà, kòkòrò ò ṣeé ná."

Ìyá Ẹlẹ́ja dìde. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà, ó sì dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá, ó ń retí. Ọ̀gá Ìgò ò pè é. Ó dúró díẹ̀ sí i. Ọ̀gá Ìgò ń nu ìgò. Ìyá Ẹlẹ́ja padà wá jókòó, ó sì ṣe bí ẹni pé ìborùn ló jábọ́.

"Ohun kan ló ń dà mí láàmú, mà," ni Ọ̀gá Ìgò wí. Ó gbé àwo mẹ́ta mìíràn kalẹ̀, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí ojú ọ̀run. Ó ní lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ gúnlẹ̀, òun gba epìyà mẹ́ta nínú àwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó kanlẹ̀, òun sì fi igi tó ní òwú lórí nu ẹnu wọn àti ara wọn. "Ẹ wo àwo wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kòkòrò mẹ́sàn-án péré. Báwo ni ẹja ṣe máa mọ́ ju omi tó ń gbé inú rẹ̀ lọ?"

Ìyá Ẹlẹ́ja wo òkè àjà.

"Bóyá wọ́n wẹ̀."

"Inú kí ni, mà?"

Fíríìjì ń kùn. Lóde, ayùn oníyìnyín ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí.

Ọ̀gá Ìgò jókòó dáadáa. Láti ọdún méjì tó ti mọ obìnrin yìí, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ká ní obìnrin kan wà."

"Obìnrin wo, mà?"

"Obìnrin kan ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó rẹwà. Wọ́n gbé ìgò fún un pé kó fún ọmọ rẹ̀, ọmọ sì ti wọkọ̀ lọ. Ó wo etí omi, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo rẹ̀ pọ́n, ẹrẹ̀ ń yípo níbẹ̀. Ó wá rò ó pé tí ìjọba bá rán èèyàn wá wo ilé ẹni, ṣé omi ẹrẹ̀ lèèyàn á gbé fún un? Kí ojú má bàa ti adágún, ó bu omi tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìgò."

"Èwo ló dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ìyá omi."

Ọ̀gá Ìgò ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ni Ìyá Ẹlẹ́ja bá ṣàlàyé, ó sì gbàgbé díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan lòun ń sọ. Inú garawa ńlá ni ìyá omi ń gbé. Ìyá ọkọ òun ló gbé e lé òun lọ́wọ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ìyá ọkọ náà sì ti lò ó fún ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Òfin kan ṣoṣo ló bá a wá: kò gbọdọ̀ tán nínú garawa láé. Ní àràárọ̀, wọ́n á bu igbá omi adágún kan lé e lórí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ọ̀bẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́, òun ni wọ́n sì ń wọ́n sórí ẹja tó bá ti ń rẹ̀, kó lè dán padà. Kò gbẹ rí. Wọn ò dà á nù rí.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Ọ̀gá Ìgò wí. Ó rọra di tábìlì mú.

"Kò sì bàjẹ́ rí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò bàjẹ́?"

"Ó kàn ń ki sí i ni. Ó tún ń yọ̀ díẹ̀. Yíyọ̀ yẹn ló ń mú ẹja dán."

Ọ̀gá Ìgò na ìka sí àwo tó kún náà.

"Yíyọ̀ yẹn, mà, àwọn nìyẹn."

Ìyá Ẹlẹ́ja wo àwo, ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ó sì rọra nù ún mọ́ aṣọ. Nígbà tó máa gbójú sókè, ojú Ọ̀gá Ìgò ti yí padà, ó dà bí ẹni tó ń rántí nǹkan.

"Ẹja tí mo rà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ó dán àbí kò dán?"

"Ó dán."

"Ẹ ò rí i."

"Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́. Mo ní ẹ̀wà tí ìyàwó mi sè ló fà á. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà."

"Ṣé ẹ ò se ẹja náà jinná ni?"

"Mo sè é, ó jinná. Ó jinná, kòkòrò inú rẹ̀ kú." Ohùn Ọ̀gá Ìgò wálẹ̀. "Ọ̀bẹ tí mo fi gé e ní tútù ni mo tún fi gé tòmátò. Mi ò se tòmátò."

Ìyá Ẹlẹ́ja wò ó pẹ̀lú àánú tó pọ̀ gan-an.

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé."

Ọ̀gá Ìgò gba èyí mọ́ra. Ó ní kí àwọn padà sọ́dọ̀ obìnrin arẹwà yẹn. Ṣé kò ní egbò lọ́wọ́? Ọwọ́ òsì Ìyá Ẹlẹ́ja wọlé sí i sábẹ́ ìborùn. Ó ní eegun ẹja ló gún obìnrin náà ní àtàǹpàkò, kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀."

"Ti ọdún yìí?"

"Ẹ jẹ́ ká yọ ti ọdún kúrò níbẹ̀."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó yọ ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi àkísà di àtàǹpàkò náà; lábẹ́ àkísà, egbò náà wú, ó pọ́n, etí rẹ̀ ò fẹ́ pàdé. Ọ̀gá Ìgò wò ó láì fọwọ́ kàn án. Ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé àwọn kan wà nínú kòkòrò ẹja àti omi adágún tó jẹ́ pé ojú egbò ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ìpara tí wọ́n ń tà káàkiri ò lè lé wọn jáde. Òun máa kọ lẹ́tà fún un sí ilé ìwòsàn, kó lọ lónìí, kó má dọ̀la.

"Ṣé wọ́n á gé e?" Ohùn rẹ̀ kéré.

"Wọn ò ní gé e, mà. Oògùn ni wọ́n á fún yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún tì í bọ inú garawa yẹn..."

Kò parí rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì, kò fi í pamọ́ mọ́.

"Ẹ wá kọ ọ́ síwèé pé adágún ò ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé obìnrin kan ló fà á."

"Mi ò lè kọ obìnrin kan, mà. Ìwé ń fẹ́ orúkọ."

Ó ṣàlàyé ohun tí òfin ní. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti bu omi, ní èbúté, lójú àwọn èèyàn. Wọ́n á da ohun tó wà nínú garawa sí kòtò tí kò ní jò wọ adágún, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò fọ garawa náà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fi àwo ẹja mẹ́ta yẹn ṣe ẹ̀rí, èbúté á wà ní ṣíṣí títí èsì omi tuntun á fi jáde lọ́la. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò á dé ní ọ̀sán, ìwé pupa nìkan ló sì máa bá lórí tábìlì.

Ìyá Ẹlẹ́ja wo ìwé pupa náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fi àwọn ẹlẹ́ja yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja tiwọn ń wò bí ẹni tí ọkọ lé. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ fún un lónìí. Oníbàárà wo ló máa tún dúró níwájú àtẹ rẹ̀? Ó sì tún ro ti ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Ìyá ọkọ mi á jí dìde tí wọ́n bá gbọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìgbà wo ni wọ́n lọ?"

"Lọ síbo? Ilé ni wọ́n wà. Wọ́n ń sùn ni."

Ọ̀gá Ìgò tọrọ gáfárà. Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọwọ́ nu ojú tábìlì níbi tí kò dọ̀tí, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi ni obìnrin náà," ló wí.

"Mo ti ń fura, mà."

"Kí lo fi mọ̀?"

"Ẹ ní ó rẹwà."

Èyí múnú rẹ̀ dùn ju bó ṣe fẹ́ fi hàn lọ. Ó dìde, ó tún gèlè wé. "Ó dáa. Màá sọ ọ́, màá sì da ìyá omi nù. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lẹ̀rù máa bà lónìí. Ká ní o wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìgò yẹn ò ní dé ọwọ́ mi. Omi tuntun tí o fẹ́ bù, ìwọ fúnra rẹ lo máa bù ú."

Ọ̀gá Ìgò ṣàkíyèsí pé "o" ti padà dé, ara rẹ̀ sì kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tó sọ.

"Ṣé ọkọ̀ náà ń mì gan-an, mà?"

"Kò mì tó bí inú rẹ ṣe ń mì láti Ọjọ́rú."

Kí àwọn méjèèjì tó dé èbúté, ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti di ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti ní bàbá pẹ̀lú: Ọ̀gá Ìgò ni, nítorí pé obìnrin oníyìnyín fi etí ara rẹ̀ gbọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń pè é ní "ẹ jọ̀ọ́". Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja ti gúnlẹ̀, ó dúró sórí iyanrìn pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀gá Ìgò wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó tún wọ èkejì lé e. Ó da oògùn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé yìnyín, ó fún Ìyá Ẹlẹ́ja ní lẹ́tà ilé ìwòsàn, ó sì di ojú. Àkọ́bí Ìyá Ẹlẹ́ja àti apẹja méjì gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé dígí.

Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n bá Ìyá Ẹlẹ́ja gbé garawa rẹ̀ dé etí kòtò, ó gun orí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nítòsí, ó sì dúró títí gbogbo ẹnu fi pa dé.

"Ẹ ní mo bí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ mọ́jú. Irọ́ ni. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni, ọwọ́ mi ni mo fi kà wọ́n. Ẹ ní èmi ni ìyá wọn. Irọ́ ni. Garawa yìí ni ìyá wọn, èmi kàn ń bá a gbọ́mọ ni. Inú rẹ̀ ni mo ti bu omi tí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe inú adágún. Adágún ò ṣẹ̀ yín, èmi ni mo ṣì í ṣe. Gbogbo ẹja tó ń dán tí ẹ ti ń rà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ yẹn ló ń dán lára wọn. Láti òní lọ, orí yìnyín ni ẹja mi á máa wà, ojú wọn ò sì ní dán ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ẹ sè wọ́n kó jinná. Ọ̀bẹ tí ẹ bá fi gé wọn, ẹ fọ̀ ọ́ kó tó dé orí tòmátò, ọ̀gá ńlá kan tí mo mọ̀ ò fọ tirẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ ti garawa náà ṣubú. Ìyá omi ò yára jáde. Ó fà, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ kí obìnrin oníyìnyín gbé ọjà rẹ̀ sá sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ẹlẹ́ja yòókù tó ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ wá ń fi í di imú. Ọ̀kan nínú wọn wo garawa tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ó sì rọra ń fi ẹsẹ̀ tì í lọ síhà kòtò.

Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja ò tíì kúrò lójú kan.

"Bàbá wọn ńkọ́?" ló bi í, ó sì na àjẹ̀ sí adágún.

Gbogbo ojú yí sí àárín omi. Ọkọ̀ tuntun náà ń mì jẹ́jẹ́ lórí omi tó parọ́rọ́. Ọ̀gá Ìgò wà nínú rẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ó fi apá kan gbá ọrùn àkọ́bí mú, ó sì na apá kejì sókè pẹ̀lú ìgò tó kún fún omi.

"Bàbá wo?" ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. "Àbíkẹ́yìn mi lẹ̀ ń wò yẹn, tó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ sọ iye wọn di ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàlá."